Píìnì Tàbí Ìtẹ̀ka, Tẹ́ẹ̀sì Tàbí Áàpù: Èwo Lẹ Fẹ́ Fi Ṣọ́ Fóònù Yín?

Máíkírà ni àbúrò mi obìnrin wọ̀ ní Ìwó Road, ó ń lọ sí Challenge. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló jókòó sí, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ti dá wọn dúró, ọwọ́ kan wọlé láti ìta, ó já fóònù gbà, ẹni tó ni ọwọ́ sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Fóònù ẹni tó jókòó tì í ló fi pè mí. "Bùọ̀dá mi, ẹ má dààmú o, mo fi ìtẹ̀ka tì í, wọn ò lè rí i ṣí."

Òótọ́ ló sọ, wọn ò rí i ṣí. Síìmù ni wọ́n yọ. Wọ́n fi sínú fóònù kékeré oníná tọ́ọ̀ṣì, wọ́n tẹ kóòdù báǹkì, wọ́n sì yí píìnì rẹ̀ padà. Nọ́ńbà ara káàdì ATM ni wọ́n fi yí i, torí inú rọ́bà tó fi bo ẹ̀yìn fóònù ló máa ń fi káàdì sí, kó má baà sọnù. Kó tó délé, owó ti jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé áàpù wo ló dára jù láti fi dáàbò bo fóònù, ìbéèrè ni mo fi ń dá a lóhùn: ta lẹ ń sá fún? Jágùdà inú mọ́tò kò jọ gbájúẹ̀ tó ń pe èèyàn lórí fóònù. Gbájúẹ̀ kò jọ áàpù owó yíyá tó ń ka orúkọ gbogbo ẹni tí ẹ mọ̀. Áàpù yẹn náà kò jọ ẹni tí ẹ jọ ń sùn, tó mọ ọjọ́ ìbí yín dáadáa. Ààbò tó dá ọ̀kan dúró, afẹ́fẹ́ lásán ni lójú èkejì. Mo tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nísàlẹ̀ yìí, mo sì sọ èyí tí èmi mú. Ojú fóònù ni gbogbo wa ń ṣọ́. Lójú tèmi, síìmù ló yẹ ká kọ́kọ́ ṣọ́.

Ojú fóònù: pátánì, píìnì, ìtẹ̀ka, tàbí ojú ẹni

| Ohun tí ẹ fi tì í | Ibi tó ti dára | Ibi tó kù sí |
|---|---|---|
| Pátánì | Ó yá, kò ṣòro rántí | Ẹni tó bá wò ó lẹ́ẹ̀kan lè fà á |
| Píìnì onínọ́ńbà mẹ́fà | Ó ṣòro fún ẹni tó ń yọjú láti rántí | Ọ̀pọ̀ ń fi ọjọ́ ìbí ṣe é |
| Ìtẹ̀ka | Kò sí ohun tí ẹni tó ń yọjú máa rí | Wọ́n lè gbé ìka ẹni tó sùn lé e |
| Ojú | Ó yá ju gbogbo wọn lọ | Lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú, fọ́tò lè tàn án |

Bí ẹ bá ní ká fi ìṣirò ṣe é, pátánì borí píìnì onínọ́ńbà mẹ́rin. Lórí àmì róbótó mẹ́sàn-án tí a ń fa pátánì lé, pátánì tó ṣeé fà jẹ́ 389,112. Píìnì onínọ́ńbà mẹ́rin kò ju 10,000 lọ. Àmọ́ olè kì í ṣírò, ó ń wò ni. Lọ́dún 2017, àwọn olùwádìí ní U.S. Naval Academy àti University of Maryland, Baltimore County, fi fídíò ẹni tó ń ṣí fóònù han àwọn èèyàn. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, nǹkan bíi 64 nínú ọgọ́rùn-ún sì fa pátánì alámì mẹ́fà náà bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Píìnì onínọ́ńbà mẹ́fà ńkọ́? Nǹkan bíi 11 ló rí i mú. Nígbà tí wọ́n pa ìlà tó máa ń tẹ̀lé ìka rẹ́, 64 yẹn já wálẹ̀ sí 35. Nítorí náà, bí pátánì bá ti mọ́ yín lára tẹ́ ò sì lè fi í sílẹ̀, ó kéré tán ẹ wọ Settings kẹ́ ẹ pa ìlà náà.

Ẹ tún dán èyí wò. Ẹ jẹ pọ́fùpọ́fù kan tán, ẹ má nu ọwọ́, ẹ fa pátánì yín, kẹ́ ẹ wá dá ojú fóònù náà ní ẹ̀gbẹ́ sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ọ̀nà tí ìka yín gbà máa hàn kedere bí ipa ìgbín.

Ọ̀rọ̀ ojú ní tiẹ̀, fóònù kì í ṣe ọ̀kan náà. Face ID tí Apple gbé jáde lọ́dún 2017 máa ń ta ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn ò lè rí sí ojú ẹni, á sì fi wọn gíga imú àti jíjìn ihò ojú. Púpọ̀ nínú àwọn Android olówó kékeré, kámẹ́rà iwájú lásán ló ń wò yín, kò mọ ìyàtọ̀ láàárín èèyàn àti àwòrán rẹ̀. Apple ní kí ojú ẹlòmíì ṣèèṣì ṣí Face ID, ẹyọ kan nínú 1,000,000 ni, ti ìtẹ̀ka sì jẹ́ ẹyọ kan nínú 50,000. Àwọn náà ló tún sọ pé ìṣirò yìí kò dúró fún ìbejì. Ẹ̀yin ará Igbó-Ọrà, ẹ gbọ́ o. Bí Táyé bá jẹ Kẹ́hìndé lówó, kó má fi ojú ti fóònù.

Èyí tí mo mú: píìnì onínọ́ńbà mẹ́fà, pẹ̀lú ìtẹ̀ka lórí rẹ̀ fún ìgbà tí mo bá wà láàárín èrò. Ìtẹ̀ka nìkan kò sí, ẹ má tan ara yín. Ẹ̀yìn ìtẹ̀ka, píìnì ló wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì mọ píìnì kò nílò ìka ẹnikẹ́ni. Àbúrò mi fi ìtẹ̀ka tì í dáadáa, ṣùgbọ́n 1995 ni píìnì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọlọ́run ló ṣe é tí olè ò ronú dé ibẹ̀.

Síìmù: ìhòòhò, oní-píìnì, tàbí eSIM

Ibí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀. Síìmù tí kò ní píìnì, fóònù yòówù tí wọ́n bá fi sí ló máa ṣiṣẹ́. Láti Oṣù Kejìlá ọdún 2020 tí ìjọba ti ní ká so síìmù mọ́ NIN, ẹni tó bá ní síìmù yín lọ́wọ́ ti ní ju nọ́ńbà lásán lọ. Ó lè tẹ *346#, kí NIN yín jáde. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà yẹn lẹ fi ṣe BVN, *565*0# á gbé ìyẹn náà jáde. Kóòdù tí báǹkì àti Facebook bá fi ránṣẹ́ á bọ́ sí i lọ́wọ́. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ láìfọwọ́ kan ojú fóònù tí ẹ ń fi ìtẹ̀ka ṣọ́.

Síìmù oní-píìnì yàtọ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tan fóònù, tàbí tí wọ́n bá gbé síìmù sí fóònù mìíràn, á béèrè píìnì kó tó mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹni tó bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ti tì nìyẹn, PUK, ìyẹn nọ́ńbà ìtúsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nìkan ló lè ṣí i. Bó bá ṣi PUK náà tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, síìmù kú pátápátá. Kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ó ti wà lára síìmù látìgbà tí GSM ti dé Nàìjíríà lọ́dún 2001, síbẹ̀ nínú ọgbọ̀n èèyàn tí mo ti bi léèrè nínú ẹbí àti ládùúgbò, ẹni méjì ló ń lò ó.

Àléébù rẹ̀ ò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ. Bí bátìrì bá kú tí iná wá dé lóru tí fóònù tan ara rẹ̀, ìpè kankan ò ní wọlé títí ẹ máa fi tẹ píìnì. Màmá mi bínú sí mi fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí èyí. Èkejì: píìnì kan ti wà lórí síìmù láti iléeṣẹ́ tó ṣe é, òun ló máa kọ́kọ́ béèrè kẹ́ ẹ tó lè fi tiyín sí i. Ẹ má fi ohun tí ẹ gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ibi iṣẹ́ méfò, torí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré lẹ ní. Ẹ pe iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín kẹ́ ẹ béèrè. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ Settings, ẹ wá ibi tó ń jẹ́ SIM lock, ẹ tan án, kẹ́ ẹ yí píìnì náà.

eSIM ni ẹ̀kẹta. Kò sí káàdì tí wọ́n máa fi abẹ́rẹ́ yọ, inú fóònù gan-an ló ń gbé. MTN àti Airtel ń ṣe é ní Nàìjíríà. Fún ẹni tí jágùdà ń bà lẹ́rù, kò sí èyí tó dà bíi rẹ̀. Àmọ́ fóònù tó gbà á kì í ṣe olówó pọ́ọ́kú, bí fóònù bá sì kú sí yín lọ́wọ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀, ẹ ò lè gbé e sí ti ẹlòmíì kẹ́ ẹ fi pe ilé.

Ohun kan wà tí kò sí èyí tó lè dá a dúró nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: kí ẹnì kan lọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kó ní òun ni yín, kí wọ́n fún un ní síìmù tuntun orí nọ́ńbà yín. Ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà gba ojúlé (àkáǹtì) Twitter mọ́ Jack Dorsey lọ́wọ́ ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2019, òun tó jẹ́ ọ̀gá àgbà Twitter nígbà náà. Àmì rẹ̀ ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa dédé pòórá lórí fóònù yín, ti ẹni tó jókòó tì yín tó ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà á sì wà ní pípé. Bó bá ti tó wákàtí kan, ẹ má tún máa pa fóònù tàn án mọ́. Ẹ wá fóònù ẹlòmíì, ẹ pe báǹkì.

Èyí tí mo mú: síìmù oní-píìnì. Ẹni tó bá lówó fóònù tó gba eSIM, kó so nọ́ńbà tí báǹkì mọ̀ mọ́ ọn, kó wá fi síìmù gidi ṣe ti ìpè ojoojúmọ́.

Kóòdù ìjẹ́rìísí: nínú tẹ́ẹ̀sì, nínú áàpù, tàbí kọ́kọ́rọ́

Kóòdù orí tẹ́ẹ̀sì rọrùn, gbogbo fóònù ló ń gbà á. Síìmù náà ló ń tẹ̀lé, nítorí náà gbogbo ohun tí mo sọ lókè ló bá a. Èyí tó tún burú ni pé lórí ọ̀pọ̀ fóònù, kóòdù náà máa ń yọ lójú fóònù láìṣí i. Olè á kàn gbé fóònù títì dání, á máa ka kóòdù. Ẹ wọ ibi Notifications kẹ́ ẹ ní kó má ṣàfihàn ọ̀rọ̀ inú tẹ́ẹ̀sì nígbà tí fóònù bá wà ní títì. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni.

Áàpù bíi Google Authenticator ń ṣe kóòdù tuntun ní ìṣẹ́jú-àáyá ọgbọ̀n-ọgbọ̀n, kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì tàbí dátà. Ẹni tó jí síìmù kò rí nǹkan kan. Ewu rẹ̀ ni kí fóònù sọnù láìsí àfipamọ́, kẹ́yin gan-an wá di àlejò lẹ́nu ọ̀nà ilé yín. Ẹ tẹ àwọn kóòdù àfipamọ́ tí Google máa fún yín sórí ìwé, kẹ́ ẹ fi sínú àpótí tí ẹ ń kó ìwé ilẹ̀ sí.

Kọ́kọ́rọ́ kékeré tí wọ́n ń fi sí ihò fóònù ló le jù. Lọ́dún 2018, Google sọ pé láti ìgbà tí òun ti fún àwọn òṣìṣẹ́ òun tó lé ní 85,000 ní kọ́kọ́rọ́ yìí, wọn ò tíì fi ìkànnì ayédèrú gba ojúlé ẹnì kankan nínú wọn. Owó dọ́là ni wọ́n fi ń rà á, ó sì yẹ kéèyàn ní méjì. Fún akọ̀ròyìn tàbí ẹni tó ń ṣọ́ owó ẹgbẹ́, ó bójú mu. Fún àwa yòókù, áàpù ti tó.

WhatsApp lọ́tọ̀ ni mo fẹ́ fi sọ tiẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbájúẹ̀ ń jẹ sí. Ẹ máa gbọ́ ohùn kan: "Ẹ kú àárọ̀ sà, láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde yín ni. À ń tò yín sínú ìpàdé ọ̀la. Kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà kan máa wọlé, ẹ bá mi kà á." Kóòdù WhatsApp yín ló ń béèrè. Bí ẹ bá kà á, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ẹ ti ń fi orúkọ ara yín yá owó lọ́wọ́ ìjọ yín. Láti Oṣù Kejì ọdún 2017 ni WhatsApp ti fún gbogbo èèyàn ní ohun tó ń jẹ́ Two-step verification, ìyẹn píìnì onínọ́ńbà mẹ́fà tí ẹ̀yin fúnra yín yàn. Ẹ fi í wé ojúlé tí kò ní in: ti àkọ́kọ́, kódà bí ẹ ṣèèṣì ka kóòdù fún gbájúẹ̀, ó dé ibi píìnì, ó dúró síbẹ̀. Ti èkejì, ó ti wọlé.

Ọgbọ́n míì tí wọ́n ń lò ni kí wọ́n ní kẹ́ ẹ tẹ **21* pẹ̀lú nọ́ńbà kan, pé wọ́n fẹ́ tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ṣe. Ìpè yín lẹ ń darí sọ́dọ̀ wọn yẹn, kí WhatsApp lè fi ohùn ka kóòdù sí wọn létí. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹ tẹ ##002#, gbogbo ìdarí ìpè á parẹ́.

Kóòdù báǹkì tàbí áàpù báǹkì

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa dá ìjà sílẹ̀. Kóòdù báǹkì kò nílò dátà, ó ń ṣiṣẹ́ lóko, ìyá tó ń ta ẹ̀wà ní Bódìjà lè lò ó lórí fóònù kékeré. Áàpù ń jẹ dátà, ó sì ń ṣe bó ṣe wù ú lọ́jọ́ ọjà. Ṣùgbọ́n síìmù lásán ni kóòdù mọ̀. Áàpù máa ń so ara rẹ̀ mọ́ fóònù kan pàtó, ẹni tó bá fẹ́ lò ó níbòmíràn á tún fi ara rẹ̀ hàn, fóònù yẹn gan-an sì ní ohun tí a fi tì í.

Èyí tí mo mú: mo ní kí báǹkì pa kóòdù lórí àkáǹtì tí owó oṣù ń wọ̀. Mo wá ṣí àkáǹtì kékeré kan tí kóòdù wà lórí rẹ̀, owó ọkọ̀ àti ti oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ni mò ń fi síbẹ̀. Ìyá ẹlẹ́wà náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní kó kọ kóòdù sílẹ̀. Àti káàdì ATM, jọ̀wọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn fóònù.

Áàpù: láti Play Store tàbí láti ọwọ́ ọ̀rẹ́

Kò gba àríyànjiyàn púpọ̀. Wọ́n ti rí kòkòrò nínú Play Store rí, ti Joker láti 2017 ló gbajúmọ̀ jù, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò díẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Fáìlì APK, ìyẹn áàpù tí kò gba Play Store wọlé, tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kò ní olùṣọ́ kankan. Ti GB WhatsApp, tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn nítorí pé ó ń jẹ́ kí wọ́n rí tẹ́ẹ̀sì tí ẹlòmíì ti parẹ́, ẹ kàn bi ara yín léèrè ìdí tí ẹni tó ṣe é fi ń fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Áàpù owó yíyá náà ń bẹ. Láti Oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Google kò gbà kí áàpù owó yíyá tó wà nínú Play Store ka orúkọ àwọn tí ẹ mọ̀ tàbí fọ́tò yín mọ́. Nítorí náà, ayánilówó tó bá ní kẹ́ ẹ wá gba APK níta, ẹ ti mọ ohun tó ń wá. FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ní orúkọ àwọn tó fọwọ́ sí, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé.

Fóònù tuntun olówó kékeré tàbí tòkunbọ̀ olórúkọ ńlá

Àwọn èèyàn máa ń ra áàpù apakòkòrò sórí fóònù tí iléeṣẹ́ tó ṣe é ti dẹ́kun àtúnṣe rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ilé tí kò ní òrùlé ni wọ́n ń ra kọ́kọ́rọ́ fún. Kẹ́ ẹ tó sanwó ní Computer Village, ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí About phone, ẹ wo ọjọ́ tó wà níbi Android security update. Bó bá ti ju ọdún kan lọ, ẹ gbé e padà fún un. Google láti orí Pixel 8, àti Samsung láti orí Galaxy S24, ṣèlérí àtúnṣe ọdún méje, nítorí náà tòkunbọ̀ irú ìyẹn lè pẹ́ ju tuntun tí wọ́n gbé jáde lánàá tí kò sí ẹni tó máa tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Fóònù tó bá sì ti ń lo Android 10 sókè, ẹ wò ó bóyá ó ní Theft protection nínú Settings. Bí wọ́n bá já a gbà tí wọ́n sì sáré, fóònù á fura, á ti ara rẹ̀. Ti iPhone ni Stolen Device Protection tó dé ní Oṣù Kìíní ọdún 2024, àwọn ará wa ní London tí àwọn olè orí kẹ̀kẹ́ ológeere ń já fóònù gbà lọ́wọ́ wọn mọ ìwúlò rẹ̀.

Wi-Fi ọ̀fẹ́ àti ibi ìṣájì ìta, ìbẹ̀rù wọn ju ewu wọn lọ. Ẹ má fi wọ́n wọ báǹkì, ó tán. Pegasus, áàpù amí tí wọ́n kọ́kọ́ tú fó lọ́dún 2016, àwọn tí ìjọba ń wá ló wà fún. Bí ẹ bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, Lockdown Mode orí iPhone ni kẹ́ ẹ tàn.

Bí wọ́n bá ti já a gbà: ká sá tẹ̀lé e, àbí ká pè?

Ẹ pè. Báǹkì ni ẹ kọ́kọ́ pè, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tẹ̀lé e, kẹ́ ẹ tó fi fóònù ẹlòmíì wọ android.com/lock láti tì í. Ọlọ́pàá àti IMEI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, lè dúró dìgbà tí ọkàn bá balẹ̀. IMEI náà, ẹ tẹ *#06# nísinsìnyí, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kì í ṣe sínú fóònù.

Àbúrò mi ti ra òmíràn, tòkunbọ̀ ni. Mo jókòó tì í títí ó fi fi píìnì sí síìmù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bi í bóyá ó ṣì rántí píìnì ọ̀hún, mo ní kó sọ ọ́ kí n gbọ́.

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Bùọ̀dá mi, ṣé wọ́n máa ń béèrè ìyẹn ni?"